Dátà Wà, Géèmù Ń Fà: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé

Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù rí ní Agbowó, lọ́kánkán Yunifásítì Ìbàdàn: tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, pádì mẹ́jọ, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Mo ti kógbá wọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ò kógbá ìbéèrè tiwọn. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ lórí WhatsApp lóríṣiríṣi ọ̀nà: dátà wà, owó ti wọlé, géèmù sì ń fà bí ìgbín. Mo wá kó ìdáhùn mi jọ síbí. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín, kí ẹ fo ìyókù.

Bọ̀ọ̀dá, 50 megabit ni mo ń san owó ẹ̀. Ṣé kò tó gbá géèmù ni?

Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Géèmù tí ẹ̀ ń bá èèyàn gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù ì báà jẹ́ oníbọn, kì í gbé àwòrán kankan gba orí wáyà. Pápá, ilé, ìbọn, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú fóònù tàbí PlayStation yín tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ péépèèpé lọ: mo ti yà sọ́tùn-ún, mo ti gbá a, ọta ti bà á. Púpọ̀ nínú wọn kì í lò tó 1 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lè gbá a fún wákàtí kan gbáko kó má jẹ ju nǹkan bíi 100 MB lọ. Fídíò YouTube tó mọ́ kedere á ti jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ogún ìṣẹ́jú.

Kí wá ni 50 yẹn wà fún? Bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ. Ẹ wo márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí ìjọba bá fẹ̀ ẹ́ sí i, ọkọ̀ tó pọ̀ á lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n Èkó ò ní tìtorí ẹ̀ sún mọ́ Ìbàdàn. Ẹni tó gun ọ̀kadà, tó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́, kìlómítà kan náà ló máa rìn. Géèmù lọlọ́kadà yẹn. Kò bìkítà bí ọ̀nà ṣe fẹ̀. Bí ibi tó ń lọ ṣe jìn tó ló ń dùn ún, àti bí gósìlóò bá dí i lọ́nà.

Ibi tí 50 yẹn ti wúlò ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dáńlóòdù géèmù, tàbí tí ilé bá kún fún èèyàn. Mo máa dé orí ìyẹn.

Kí ni ping tí gbogbo yín ń pariwo ẹ̀?

Àlọ àti àbọ̀ ni. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ jáde nílé yín, ó dé ọ̀dọ̀ sáfà géèmù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí géèmù fún gbogbo yín, èsì padà wá bá yín. Àkókò tí ìrìn àjò yẹn gbà ni ping, mìlísẹ́kọ́ńdì la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ̀rún mìlísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n géèmù tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan ò lò tó 17 mìlísẹ́kọ́ńdì lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí ping yín bá jẹ́ 170, àwòrán mẹ́wàá á ti kọjá kí èsì ohun tí ẹ tẹ̀ tó dé. Ẹni tí ẹ fẹ́ yìnbọn fún ti sápamọ́ sẹ́yìn ògiri, ẹ̀yin ṣì ń rí i níta gbangba. Òun náà ti yìn yín, ẹ ò tíì mọ̀ pé ẹ ti kú.

Ping mélòó ló dáa?

Lójú tèmi, tí kò bá tó 50, ẹ máa jẹgbádùn. Láàárín 50 sí 100, ẹ ò ní ráhùn. Títí dé 150, bọ́ọ̀lù ṣì ṣeé gbá, ṣùgbọ́n oníbọn á máa bí yín nínú. Tó bá kọjá 200, ẹ lọ gbá èyí tí ẹ lè dá gbá.

Ṣùgbọ́n ẹ má wo nọ́ńbà yẹn nìkan. Ping 120 tó dúró sójú kan sàn ju 60 tó ń fò sí 300 tó tún ń já bọ̀ lọ. Oníjó tó gbọ́n á mọ bó ṣe máa gbẹ́sẹ̀ sí ìlù tó falẹ̀. Ìlù tó ń ṣe ségesège ló ń gbé oníjó ṣubú. Jitter ni wọ́n ń pe ségesège yẹn. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni kí ọ̀rọ̀ má tilẹ̀ dé ibi tó ń lọ rárá, kó sọnù sọ́nà. Tí ẹ bá rí i tí àgbábọ́ọ̀lù yín sáré lọ síwájú, tó ṣàdédé bá ara ẹ̀ níbi tó ti kúrò, ọ̀rọ̀ ti sọnù nìyẹn. Géèmù kì í dúró tún un rán bí WhatsApp ti ń ṣe, torí ìròyìn ibi tí ẹ wà ní ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọ ìyá mi wà ní Peckham, ní London. Ping tiẹ̀ 12, tèmi 110, inú géèmù kan náà. Ṣé ó ń rẹ́ mi jẹ ni?

Rárá o. Ilé ẹ̀ sún mọ́ sáfà ni. Ọ̀pọ̀ géèmù ò ní sáfà kankan ní Nàìjíríà. Àwọn kan ní ti wọn ní Johannesburg, ọ̀pọ̀ sì ń rọ́ wa lọ sí Yúróòpù: London, Frankfurt, Paris.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Inú wáyà fáìbà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀, ó sì ń sá tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó sí London, bí ẹyẹ ṣe ń fò, jẹ́ nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Tí wáyà bá lè ṣe bí ẹyẹ, àlọ àti àbọ̀ á jẹ́ 50 mìlísẹ́kọ́ńdì. Ṣùgbọ́n wáyà ò lè la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá báyẹn. Inú òkun ló gbà: ó jáde ní Èkó, ó rọra fẹ̀gbẹ́ kan etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó fi Gánà sílẹ̀, ó fi Sẹ̀nẹ̀gà sílẹ̀, ó gòkè ní Pọ́túgà, kó tó wá forí lé London. Ẹ pè é ní 9,000 kìlómítà, ìyẹn jẹ́ 90 mìlísẹ́kọ́ńdì kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró lọ́nà. Ẹ wá fi ráótà yín sí i, ẹ fi òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí i, 110 dé. Owó ò lè ra ìyẹn kúrò. Ẹni tó bá ní òun máa ta ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tí ping London ẹ̀ jẹ́ 20 fún yín ní Ìbàdàn, ẹ sá fún un.

Johannesburg wá ńkọ́? Ó yẹ kó sún mọ́ wa jù, nígbà mìíràn ó sì rí bẹ́ẹ̀. Wáyà Equiano ti Google, tó gòkè ní Èkó ní 2022, kan Gúúsù Áfíríkà. WACS, wáyà inú òkun míì, náà kàn án. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún yín ló máa pinnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yín máa gbà. Mo ti rí ìlà kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí London ná, kó tó wá yí padà sísàlẹ̀ lọ sí Johannesburg. Bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́ láti Ìbàdàn tó kọ́kọ́ gba Ìlọrin. Ping 270. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí tiyín ń gbà, ẹ ṣí Command Prompt lórí Windows, ẹ tẹ tracert síbẹ̀, kí ẹ fi àdírẹ́sì sáfà náà tì í, á to gbogbo ibùdókọ̀ tó yà sí fún yín. Nínú géèmù, ẹ yan agbègbè fúnra yín tó bá fàyè gbà á. Ẹ gbìyànjú méjèèjì, kí ẹ lo èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré. Ẹ má gba orúkọ ìlú gbọ́.

March 2024, ọjọ́ mélòó kan ni gbogbo géèmù ò fi ṣiṣẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, wáyà mẹ́rin bà jẹ́ nínú òkun lápá Abidjan, ní Côte d'Ivoire: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Ọ̀nà mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ẹrù wá rọ́ lọ sórí ìwọ̀nba tó kù. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀ ti ra àyè sórí wáyà míì ráyè mí díẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ gbára lé ẹyọ kan wo ojú iná pupa lára ráótà títí ó fi sú u. Mo máa ń bi àwọn tó bá fẹ́ ta fáìbà fún mi pé wáyà inú òkun mélòó ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ ìdáhùn.

Mo ṣe speed test, ó mú 48, ping 9. Kí ló tún kù?

Speed test ń wá sáfà tó sún mọ́ yín jù lọ, èyí tó lè wà ní Èkó níbí. Ó ń sọ òótọ́: láti ilé yín dé Èkó, ọ̀nà mọ́. Èkó kọ́ lẹ̀ ń lọ. Ẹ yí sáfà speed test yẹn padà sí London tàbí Frankfurt, kí ẹ tún un ṣe. Kí ẹ tún ṣe é láago mẹ́sàn-án alẹ́, kì í ṣe láago márùn-ún ìdájí tí gbogbo àdúgbò ń sùn.

Ní alẹ́ nìkan ni tèmi máa ń bàjẹ́. Ping 105, á ṣàdédé di 900. Mo ti pe ilé-iṣẹ́ wọn títí.

Ẹ dúró lórí ìbéèrè yìí, torí òun ni mo rí jù lọ, òun sì lèèyàn lè tún ṣe láìná kọ́bọ̀.

Ọmọkùnrin kan pè mí wá sílé wọn ní Akóbọ̀. Ó ní láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ, òun ò lè gbá nǹkan kan. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi kalẹ̀, mo ṣí ojú dúdú Command Prompt yẹn, mo tẹ ping 8.8.8.8 -t (sáfà Google ló ni nọ́ńbà yẹn), mo fi í sílẹ̀ kó máa kà lọ. 31, 33, 30, 32. Kò sí wàhálà. Ọmọ náà ń wò mí bíi pé mo wá jẹ owó ẹ̀. Nígbà tó yá, NEPA mú iná wá. Ìyá ẹ̀ dìde nínú pálọ̀, wọ́n lọ ki ṣájà bọ fóònù wọn lẹ́bàá fìríìjì. Kò pé ìṣẹ́jú méjì: 340. 780. 1,150.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n wo fóònù yín."

Wọ́n ní, "Fóònù mi? Kí ló kan fóònù mi nínú géèmù? Èmi ò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn ò tẹ nǹkan kan. Fóònù wọn ni wọ́n ti sọ fún pé tó bá ti rí Wi-Fi àti ṣájà, kó máa kó fọ́tò àti fídíò lọ sí Google Photos. Ọjọ́ Sátidé yẹn wọ́n lọ òde ìyàwó. Fídíò mọ́kàndínlógún ló wà ńbẹ̀, gbogbo ijó, gbogbo owó tí wọ́n ná, ó ń gòkè lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyí. Ìlà tí wọ́n ń pè ní 50 megabit, ti dáńlóòdù ni. Ápúlóòdù ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jáde nílé, jẹ́ 5. Fídíò Màmá ń ti 5 yẹn kún bámúbámú, ráótà ò sì fẹ́ kí nǹkan kan sọnù, ó wá ń to ohun tó kù sórí ìlà kó dúró de ààyè. Tí 1 MB bá ti dúró sórí ìlà yẹn, á gba ju ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ lọ kó tó kúrò ńbẹ̀ pẹ̀lú 5 megabit. Bọ́tìnnì kékeré tí ọmọ tẹ̀ wá lọ tò sẹ́yìn gbogbo ijó òde ìyàwó. Ẹ ti rí ẹni tó fẹ́ ra sáṣẹ́ẹ̀tì omi kan, tó bá ẹni méjì tí wọ́n ń ra ọjà ọdún lójú kan náà.

Bufferbloat ni wọ́n ń pe àìsàn yìí, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Jim Gettys, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé oògùn ẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní CoDel. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wo bí ọ̀rọ̀ ṣe pẹ́ tó lórí ìlà, kó má jẹ́ kí ìlà gùn. Àbúrò ẹ̀, fq_codel, tún pín ìlà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó ń ra omi má baà tò sẹ́yìn ọlọ́jà ọdún. Tí ráótà yín bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní SQM, ó ti wà nínú ẹ̀. Tó bá ń lo OpenWrt, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi sí ráótà, ẹ lè fi SQM sí i. Ẹ tan án, kí ẹ sọ fún un pé ìlà yín jẹ́ bí 85 tàbí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ ń rí lóòótọ́. Ó dà bí ìwà òmùgọ̀ pé kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ dín ohun tó san owó fún kù, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò. Ìlà tó bá ń tò á máa tò nínú ráótà yín níbi tí ẹ ti láṣẹ lé e, dípò kó máa tò nínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ò lè fọwọ́ kàn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fáìbà. Lórí 4G ó ṣòroó tò, torí ìwọ̀n tí òpó ń fún yín ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú.

Ní Akóbọ̀, ráótà tó wà ńbẹ̀ ò ní nǹkan kan báyẹn. A kàn pa ìkófọ́tò Màmá, a ní kí wọ́n máa tàn án láàárọ̀ tọ́mọ bá ti lọ síbi iṣẹ́. 31, 33, 30. Màmá ní ṣé mi ò ní gba owó lọ́wọ́ àwọn náà ni, mo ṣáà ti tún fóònù àwọn ṣe.

Ṣé Wi-Fi ló ń fa wàhálà, àbí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀?

Ẹ yẹ ilé wò kí ẹ tó bá ará ìta jà. Ẹ ping ráótà yín fúnra ẹ̀. Àdírẹ́sì ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1, tàbí 192.168.1.1, tàbí 192.168.8.1, wọ́n á ti kọ ọ́ sábẹ́ ráótà. Nínú yàrá kan náà, ó yẹ kó mú 1 sí 5. Tó bá ń mú 40, tó ń mú 120 nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ò tíì jáde nílé tó ti sọnù. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni.

Wi-Fi dà bí ìpàdé ẹbí: ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ̀rọ mẹ́jọ bá wà lórí ẹ̀, wọ́n á máa dúró de ara wọn. Èyí tí wọ́n kì í sì rò ni pé fóònù tó wà lọ́nà jíjìn, bóyá ní bọ́ìsì kọ́tà, á máa fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbogbo àwọn tó wà nítòsí á sì dúró dè é.

Ìgbì méjì ni ọ̀pọ̀ ráótà ń lò. Ti 2.4 GHz ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló wà lórí ẹ̀: ráótà ìdílé mẹ́fà tó wà nínú ọgbà yín, Bluetooth, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbóúnjẹ gbóná nínú kíṣìnnì. Ti 5 GHz mọ́ jù ú, ó yá jù ú, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti pa á. Tí ẹ bá wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráótà, 5 ni kí ẹ lò. Tó bá jẹ́ 2.4 ló kù fún yín, ẹ gbé e sórí channel 1, 6 tàbí 11, èyí tí àwọn aládùúgbò ò bá pọ̀ lé lórí. Mo máa ń sọ ọ́ tí wọ́n á rẹ́rìn-ín: ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ní àdúgbò wa ni Wi-Fi tèmi máa ń dáa jù, torí èmi nìkan ni ráótà ẹ̀ wà lórí ínfátà.

Wáyà ló borí gbogbo ẹ̀. Wáyà Cat5e lè gbé 1 gigabit dé 100 mítà, ping ẹ̀ dé ráótà ò sì ní tó 1. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra nínú ọjà. Ẹ mú un wò ní ojú oòrùn: tí irin inú ẹ̀ bá funfun nígbà tí ẹ fi ọ̀bẹ ha á, alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi kọ́pà kùn ún ni. Bó bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó já. Ẹ ka okùn inú ẹ̀ náà: mẹ́jọ ló yẹ kó pé. Tí ẹyọ kan bá já, ẹ̀rọ ṣì lè máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n á ti já sí 100 megabit láìsọ fún yín.

Iwájú ilé mi ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mò ń wò ó láti fèrèsé. Kí ló dé?

Torí ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ni ín. Òpó kan ń pín ohun tó ní fún gbogbo fóònù tó kọjú sí i. Láàárín aago méje sí mọ́kànlá alẹ́, gbogbo Ọ̀jọ́ọ̀ ti dé láti ibi iṣẹ́, TikTok ti ṣí. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín.

Ẹ̀kejì, òpó ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gan-an lè má rí i tó ẹni tó wà ní àdúgbò kejì. Ẹ wọ ojú ewé ráótà yín, ẹ wá RSRP (bí ohùn òpó ṣe lágbára tó) àti SINR (bí ohùn yẹn ṣe ga ju ariwo lọ tó). RSRP tó wà ní -80 dáa, èyí tó wà ní -110 ti fẹ́ kú. SINR tó ju 20 lọ, ẹ ṣe orí ire. Èyí tó sún mọ́ òdo, ariwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ọ̀rọ̀. Èyí kejì yẹn ni kí ẹ tẹ́tí sí jù. Ẹ gbé ráótà káàkiri ilé, ẹ máa wo nọ́ńbà. Lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òpó ló sábà ń dáa jù, kì í ṣe lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í sì í ṣe lábẹ́ páànù tí kò ní sílìn. Mo ti rí ẹni tó sún ráótà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré tí ìyàtọ̀ sì dé.

Ti 5G, tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2022, ń lo ìgbì 3.5 GHz. Ó ń sáré gan-an bí ẹ bá rí òpó kedere. Ògiri àti igi kì í bá a ṣọ̀rẹ́.

Fáìbà, 5G, àbí Starlink: èwo ni kí n rà?

Fáìbà, bó bá ti dé àdúgbò yín. Kì í ṣe torí pé ó yá jù, torí pé ó dúró sójú kan ni. Ẹ̀dùn kan tó ní ni àwọn tó ń la ọ̀nà, tó ń gbẹ́ kòtò: kátápílà kan ṣoṣo, àdúgbò mẹ́ta á sun ìsun òkùnkùn.

Starlink dé Nàìjíríà ní January 2023. Sátẹ́láìtì ẹ̀ ò jìn: kò tó 600 kìlómítà sókè, nítorí náà ping ẹ̀ ṣeé gbá géèmù. Ẹ má fi wé sátẹ́láìtì àtijọ́ tó dúró ní 35,786 kìlómítà. Ìyẹn, kí ọ̀rọ̀ gòkè kó sọ̀, kí èsì gòkè kó sọ̀, ó ti jẹ́ bí 480 mìlísẹ́kọ́ńdì kó tó kan ẹlòmíì. Starlink fẹ́ ojú ọ̀run gbalasa. Bí igi máńgòrò bá bo igun kan, sátẹ́láìtì tó bá gba ibẹ̀ kọjá á já yín jù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún Netflix ẹ ò ní mọ̀. Nínú géèmù ẹ máa mọ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ mi ò lè wọ yàrá géèmù mi? Wọ́n ní NAT mi "Strict".

Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo ayé, ó sì ti tán. Ilé-iṣẹ́ fóònù wá ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo sìn ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ilé. Pípín àdírẹ́sì báyẹn ni wọ́n ń pè ní NAT, "Strict" sì ni pé ilẹ̀kùn yín tì pa. Ẹ̀yin lè jáde, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wá kí yín ò mọ ilẹ̀kùn èwo ni tiyín. Ẹ wo àdírẹ́sì WAN, èyí tó kọjú síta, lára ráótà: tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, inú ọgbà àpapọ̀ lẹ wà, kò sì sí bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀ nínú ráótà tó máa yí i padà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta àdírẹ́sì gbangba. Àwọn kan ń tà á, owó ló gbà. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tan UPnP, tó ń jẹ́ kí géèmù ṣí ilẹ̀kùn ráótà fúnra ẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ráótà méjì lẹ so mọ́ra wọn. Ìyẹn náà ń fà á.

Géèmù tí mo fẹ́ dáńlóòdù jẹ́ 100 GB. Wọ́n ní 20 megabit ni tèmi. Kí ló dé tí ojú ẹ̀ ń kọ 2.5?

Wọn ò jí nǹkan kan. Megabit ni wọ́n fi ń tà á, megabyte ni ẹ̀rọ yín fi ń kà á, megabit mẹ́jọ ló sì wà nínú megabyte kan. Ogún pín sí mẹ́jọ jẹ́ 2.5. 100 GB á gba bíi wákàtí mọ́kànlá lórí 20, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí 100. Ibí yìí ni owó ńlá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe é lóru. Kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sábẹ́ "unlimited" yẹn: ọ̀pọ̀ ló ní òdiwọ̀n tí ẹ bá kọjá wọ́n á dín eré yín kù títí oṣù á fi parí. Àwọn tó ń gbá géèmù tí gbogbo àwòrán ẹ̀ ń ti orí sáfà wá bíi fídíò náà nílò megabit tó pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, GeForce Now, ń béèrè 25 megabit fún àwòrán 1080p.

Ṣé DNS, VPN, tàbí "game booster" lè dín ping kù?

DNS, rárá. Àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn orúkọ ló ń bá yín wá, lẹ́yìn náà ó jókòó. VPN, tó ń gbé ọ̀rọ̀ yín gba ọ̀dọ̀ sáfà tiẹ̀ kọjá ná, lè ṣe é, bí ilé-iṣẹ́ yín bá ń gba ọ̀nà Ìlọrin lọ sí Ọ̀yọ́ bí mo ti wí lókè. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, á tún fi kún un ni. Booster, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù yín. Ráótà oní-áńtẹ́nà mẹ́jọ tí iná ń tàn lára ẹ̀ bíi Kérésì: tó bá ní SQM, ẹ rà á, tí kò bá ní, iná lẹ rà.

Ping mi 40, síbẹ̀ pádì ń pẹ́ kó tó dáhùn.

Tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ wá "Game Mode" nínú sẹ́tìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Tó bá gbóná, òun ló ń dín eré ara ẹ̀ kù kó má baà jóná. Ẹ sì ṣí géèmù tí kò lo íntánẹ́ẹ̀tì wò. Bí ìyẹn náà bá ń fà, ẹ jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sinmi.

Iná ńkọ́?

Ráótà ò jẹ iná púpọ̀, 12 fóòtì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Mini UPS kékeré á gbé e fún wákàtí mélòó kan, kò sì wọ́n tó ínfátà. Ẹ rà á kí ẹ tó ra pádì kejì. Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, ráótà á kú á tún jí, ìṣẹ́jú méjì ti lọ, wọ́n ti ka àṣedánù fún yín nínú ìdíje.

Mo ti ṣe gbogbo èyí. Ilé-iṣẹ́ wọn ṣì ní kí n pa ráótà kí n tún un tàn.

Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí wọ́n má baà rí ẹnu sọ. Lẹ́yìn náà ẹ kó ẹ̀rí jọ. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ráótà pẹ̀lú wáyà. Ẹ ní kí gbogbo ará ilé pa Wi-Fi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ping ráótà, ẹ ping 8.8.8.8, ẹ ṣe tracert, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ ṣe é lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn ní kíkọ, kì í ṣe lórí fóònù, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, lórí 622, kò sí owó nínú ìpè yẹn. Nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.